Ata Ìyá Jongdu

Ọjà ọrún ni ọjà wa ní Garimok, mo sì ti ń ta ọbẹ̀ ẹja ẹrẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí Sukja, àkọ́bí mi, kò tíì hu eyín. Ìgbà ìwọ́wé ni ọbẹ̀ yẹn máa ń dùn jù, torí ìgbà náà ni ẹja ń sanra nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì. Ìgbà náà sì ni gbogbo ohun tó dára lórí òkè ń sọ̀kalẹ̀ wá sọ́jà: èso gam pupa fòò nínú apẹ̀rẹ̀, èso bam tí èèpo rẹ̀ kún fún ẹ̀gún bí ara òòrẹ̀, elégédé tí ẹnì kan kò lè dá gbé, ata gbígbẹ nínú àpò gìrìwò. Ṣùgbọ́n olú songi ni ọba gbogbo wọn. Abẹ́ igi páìnì ló ń hù sí, kò sí ẹni tó lè gbìn ín. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń hù sí kì í sọ ọ́ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ àfi tí ikú bá ti ń kanlẹ̀kùn.

Olú yìí ló gbé Chu Mangil wá bá wa. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé lọ́dún kan, ó ní òun fẹ́ máa ra olú. Ọ̀rọ̀ dídùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ ra olú ní Garimok mọ́ àfi òun. Nígbà tó tún ṣe, ó kó àwọn géńdé mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní iyekíye tí òun bá sọ ni kí gbogbo ẹnu gbà. Ẹni tó bá ta fún ẹlòmíràn, ajá rẹ̀ á kú sẹ́nu ọ̀nà. Tí kò bá gbọ́ ti ajá, koríko màlúù rẹ̀ á gbiná.

Guman, ọkọ Bunrye, ló kọ́kọ́ ṣe agídí. Wọ́n lọ dènà dè é lórí òkè ní ìdájí, wọ́n lù ú, wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí òkúta, wọ́n sì fi gìgísẹ̀ bàtà fọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e délé, ọwọ́ ti wú, ó ti dúdú. Ó ní òun ṣubú ni. Gbogbo wa mọ irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó la ẹnu.

Ohun tó dùn wá jù ni pé Jongdu wà lára àwọn tó lù ú. Ìyá Jongdu tó ń ta ata ló bí i, òun nìkan ló sì bí. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni obìnrin náà ń pàtẹ sí. Nígbà tó bí Jongdu, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọmú rẹ̀ gbẹ, Bunrye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ tirẹ̀ ló ń fún Jongdu lọ́mú títí ọmọ fi rá. Ọmọ yìí ló dàgbà, tó lọ sí ìlú ńlá, tí ìlú ńlá lé padà, tó sì wá ń gbé ẹ̀rúkọ́ tẹ̀ lé Mangil kiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lu Guman ni Ìyá Jongdu kò ti lè wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́jà. Tí a bá kí i, á dáhùn, á sì tẹrí mọ́lẹ̀ padà sínú ata rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Olú wọ́n bí ojú. Ọjà tó kẹ́yìn ṣáájú àjọ̀dún Chuseok, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ohun tí wọ́n máa gbé síwájú àwọn òkú wọn, mo ń ro ọbẹ̀ mi lórí iná ni mo rí Bunrye tó ń bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín èmi àti Ìyá Jongdu, ó sì ṣí ewé páìnì kúrò lórí rẹ̀. Òórùn olú náà bo ti ọbẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ gbé wá yẹn?”

“O ò rí i ni? Olú ni.”

“Mo rí i pé olú ni. Ṣé Mangil mọ̀?”

“Ṣé Mangil ló bí mi ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ tábìlì mi. Tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, màá júwe yín.”

Ó wò mí. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ṣùgbọ́n ojú yẹn kò tíì darúgbó. “Ìyá Sukja, ọkọ mi ò lè mú ṣíbí mọ́. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Lánàá ó ń sunkún, ó ní èéfín ló wọ òun lójú. Bẹ́ẹ̀ iná ti kú tipẹ́. Mi ò gbé nǹkan kan sábẹ́ tábìlì ẹnikẹ́ni.”

Ìyá Jongdu gbọ́. Ó fi ata sílẹ̀, ó rá kòrò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bunrye, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ sílé. Wọn ò ní í pẹ́ dé. Mo fi ọmú tí ẹ fún un bẹ̀ yín.”

“Ọmú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó wò lójú kó tó gbé igi sókè,” ni Bunrye wí. “Padà sídìí ata rẹ, àbúrò mi. Mi ò bá ẹ jà.”

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní ìlú etí òkun dé ìdí apẹ̀rẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú olú kan, ó gbé e símú, ó sì di ojú bí ẹni ń gbọ́ orin. Kò tíì là á tán nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Bí obìnrin náà ṣe rí ojú wa, ó dá olú padà jẹ́jẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Chu Mangil sọ̀kalẹ̀ nínú bàtà funfun, igi ìtayín ní ẹnu. Àwọn géńdé rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, Jongdu ló kẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Mangil, Bunrye tó bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n “ìwọ” ló máa ń fi bá àgbà sọ̀rọ̀.

“Ìyá arúgbó, ta ló ní kí o pàtẹ?”

“Àwọn òkú mi ni. Chuseok kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.”

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Mangil yíjú wò wọ́n, ẹ̀rín kú. Ó yíjú padà.

“O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Èmi kẹ̀? Ẹni tí Ẹlẹ́dàá ti ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ tán kó tó dáyé, kí ló kù fún èmi láti ṣe?”

Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ọjà ló bú sẹ́rìn-ín, títí dé ọkùnrin tó ń ta bam lódìkejì, ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà jù nínú gbogbo wa. Mo rí etí Mangil tó pọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì gbé bàtà funfun rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín apẹ̀rẹ̀. Ó yí gìgísẹ̀ bí ẹni ń pa sìgá. A gbọ́ bí àwọn olú náà ṣe ń fọ́, òórùn wọn sì gba ọjà kan. Ohun tí arúgbó kan fi eékún wá kiri orí òkè láti ọjọ́ pípẹ́, ó di ẹrẹ̀ níṣojú wa.

Bunrye na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń já gam yọ lára ògiri, ó sì gbá a mọ́ Mangil lẹ́nu. Igi ìtayín náà wọ inú ètè rẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí bàtà funfun. Inú mi dùn. Ìdùnnú náà kò tó ìṣẹ́jú.

Mangil gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú. Bunrye ṣubú lu àtẹ gam, àwọn èso tó ti rọ̀ fọ́ lábẹ́ rẹ̀, a kò mọ èyí tó jẹ́ omi èso àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kó tó lè dìde, ọkùnrin náà ta á nípàá léjìká. Mo gbọ́ egungun tó kán, kà, bí igi gbígbẹ. Ó tún ta á nípàá.

Ó wá nu ẹnu rẹ̀ nù. “Jongdu! Kí lò ń wò? Fọ́ ọwọ́ tó fi gbá mi yẹn bó o ṣe fọ́ ti ọkọ rẹ̀!”

Jongdu bọ́ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rúkọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ funfun bí bam tí a ti bó èèpo rẹ̀. Bunrye gbé orí sókè láti inú gam tó fọ́, ó wò ó, ó sì bi í ní ohun tí a máa ń bi ọmọ ilé lójoojúmọ́.

“Jongdu, o ti jẹun láàárọ̀?”

Ìyá rẹ̀ ti dìde.

“Jongdu, ju igi yẹn sílẹ̀.”

“Màámi, ẹ má dá sí i.”

“Mo ní kí o jù ú sílẹ̀! Ṣé o ò mọ ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn ni?”

Mangil rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu rẹ̀. “Ẹ wo ọmọ ọmú! Ṣé kí ìyá rẹ wá pọ̀n ẹ́ ni?” Àwọn yòókù bá a rín in. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Jongdu di ojú, ó sì sọ igi kalẹ̀ lápá Bunrye. Ìró rẹ̀ kò le tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n apá náà tẹ̀ síbi tí apá kì í tẹ̀ sí. Ó tún gbé igi sókè.

Ìyá Jongdu ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò ata lílọ̀, ó bù ú kún, ó sì dà á sí ojú ọmọ rẹ̀.

Mo ti gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dúńbú, mo ti gbọ́ igbe obìnrin tó ń rọbí. N kò tíì gbọ́ irú igbe tí ọmọ yẹn ké. Ó ju igi nù, ó fi èékánná ha ojú, ó pòòyì, ó sì ṣubú. Afẹ́fẹ́ gbé èyí tó kù nínú ata náà, ó pín in fún gbogbo wa. Gbogbo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Jongdu dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò mira.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo, “Ẹ mú wọn!” Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin oníbam, ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà, gbé apẹ̀rẹ̀ èèpo ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀, ó dà á lé ọ̀kan nínú àwọn géńdé lórí, ó sì fi apẹ̀rẹ̀ náà dé e títí wọ ọrùn. Àwọn obìnrin rọ́ lé èkejì. Wọ́n fi elégédé gbá a, wọ́n fi ṣíbí irin lù ú, obìnrin kan bọ́ bàtà rọ́bà, ó ń fi gbá a lẹ́nu, ó ń ka orúkọ ajá rẹ̀ tó kú. “Ti Dolsoe rèé! Ti Dolsoe náà tún rèé!” Ìbínú ọdún méjì ló ń tú jáde. Kò sí ẹni tó rántí pé ènìyàn ni à ń lù.

Mangil rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ó sáré sí àtẹ àwọn onírin, ó ja dòjé kan gbà. Ó fi ṣá oníbam, etí ọkùnrin náà sì rọ̀ dọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Mangil yíra, ó ń wá ẹnì kan, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Ìyá Jongdu.

“Ìwọ ajá yìí! Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀!”

Iwájú mi ló gbà kọjá lọ bá a. N kò rò ó. Mo fi aṣọ di etí ìkòkò mi, mo gbé e kúrò lórí iná, mo sì da ọbẹ̀ gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ lé e lára láti àyà dé itan. Dòjé bọ́. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Nígbà tí ohùn máa fi jáde, àwọn èrò ti bò ó, wọ́n sì ń lù ú bí a ti ń lu ìrẹsì lẹ́yìn ìkórè, ẹnì kan sọ̀, ẹnì kejì gbé sókè. Títí dòní, n kò kábàámọ̀ ọbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi bó, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ìjà náà parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ti mọ lílù kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró.

Jongdu ti rá wọ abẹ́ tábìlì mi. Kò ríran. Ó ń forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń pè, “Màámi! Màámi, mi ò ríran! Màámi, níbo lẹ wà?” Ẹni tó da ata sí i lójú ló ń pè pé kó wá gba òun.

Ẹnì kan pariwo, “Ẹ̀yin ẹ wò ó! Èyí ló fọ́ ìka Guman!”

Wọ́n fi ẹsẹ̀ fà á jáde. Mo ń sọ pé, “Ẹ dúró, ẹ dúró ná,” ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tèmi? Ọ̀pá gam tí Bunrye fi bẹ̀rẹ̀ ìjà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó sọ̀kalẹ̀ lé eékún ọmọ náà, ó sì fọ́ ọ. Ìyá Jongdu ya èrò bí ẹni ń ya ewé, ó ju ara rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó fi aṣọ bò ó.

“Ẹ lù mí! Èmi ni mo bí i! Ẹ lù mí!”

Wọ́n lù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn ò lù ú. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń bá a jẹun láti ogún ọdún, wọ́n fi igi àti bàtà lù ú lẹ́yìn, orí rẹ̀ sì bẹ́. Bó ti ń jẹ ẹ́ ló ń di ọmọ náà mọ́ra sí i, ó ń sọ fún un pé, “Má lajú. Má fọwọ́ nù ún. Mo wà níbí.”

“Ó tó.”

Bunrye ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo. Ó ti dìde, apá kan ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá aṣọ tí kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀, gam bo irun àti ojú rẹ̀. Ó rìn wá sáàárín wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ ti ìyá àti ọmọ, débi pé kò sí bí igi ṣe lè bà wọ́n tí kò ní í ba òun.

“Ẹ̀gbọ́n, òun ló lù yín!” ni obìnrin oníbàtà rọ́bà wí.

“Mo mọ ẹni tó lù mí. Èmi kọ́ ni ata wọ̀ lójú. Mo ní ó tó. Ẹ bu omi wá.”

“Omi kọ́,” ni Ìyá Jongdu wí lábẹ́ ẹ̀jẹ̀. “Epo ni. Ẹ bá mi wá epo.”

Oníbam, tó fi ọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú, ló mú ìgò epo wá láti àtẹ kan, ó sì gbé e kalẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bunrye fi eyín fa ìdérí rẹ̀ yọ. Ó da epo sí etí aṣọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú Jongdu. Ọmọkùnrin náà ń sunkún, kò mọ ọwọ́ ẹni tó wà lójú òun, ó rò pé ti ìyá òun ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ìjà ti parí. Wọ́n máa ń dé nígbà tí ìjà bá ti parí. Wọ́n kó Mangil lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ bó, ìhà rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n kò kú. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti gba lọ́yà, lọ́yà náà sì sọ pé oníṣòwò tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni àwọn ará òkè fẹ́ pa. Wọ́n mú Ìyá Jongdu pẹ̀lú báńdéèjì lórí, wọ́n tì í mọ́lé, torí gbogbo ẹni tí wọ́n bi ló ní ata ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní, “Èmi ni,” ó sì pa ẹnu mọ́.

Ọlọ́pàá kan wà tó máa ń jẹ ọbẹ̀ mi, òun ló sọ bí ó ṣe lọ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Jongdu. Ojú ọmọ náà ṣì wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń to egungun. Wọ́n bi í pé ta ló da ata sí i lójú.

“Mi ò mọ̀. Ojú mi ti dí.”

“Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ti ní òun ni.”

“Ó lè sọ ohun tó bá wù ú. Mi ò rí i. Ojú mi ti dí.”

“Ta ló fọ́ ẹ léékún?”

“Ojú mi ti dí.”

Inú bí ọlọ́pàá. “Ó dáa. Ta ló ní kí o lu ìyá arúgbó?”

Jongdu ní, “Ìyẹn, ojú mi là.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti Mangil, ó sọ ti koríko tó jó, ó sọ ti ajá. Nígbà tó dé orí ìka Guman, ó sọ èyí tí òun fi ẹsẹ̀ ara òun fọ́ nínú wọn, kò fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n sọ fún un pé tó bá fọwọ́ sí i, òun náà máa ṣẹ̀wọ̀n. Ó ní kí wọ́n mú kálàmù wá.

Ẹ̀wọ̀n Mangil pẹ́, kò sì padà sí Garimok mọ́. Ìyá Jongdu jáde kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà wá pàtẹ, àwọn obìnrin tó lù ú kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí i. Wọ́n ń ra ata rẹ̀ ṣáá, èyí tí wọn kò nílò, wọn kò sì dúró gba ṣéńjì. Òun náà kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Egungun Bunrye jinná, ṣùgbọ́n èjìká kan rẹ̀ wá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, apẹ̀rẹ̀ kò dúró dáadáa lórí rẹ̀ mọ́. Olú rẹ̀ ń tà, ẹni tó bá wù ú ló ń tà á fún.

Guman ni kò dárí ji Jongdu. Nígbà tí Jongdu jáde lẹ́wọ̀n, ó tiro lọ sílé wọn, ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Guman kò ṣí ilẹ̀kùn. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bunrye pàápàá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn gbé abọ́ ìrẹsì kan jáde sí àgbàlá, ó gbé e síwájú ọmọ náà, ó sì wọlé padà.

Ní ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀ lé ìgbà tí ọmọ náà jáde, mo gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Jongdu kọjá. Mo gbọ́ ariwo nínú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Màlúù wọn ló já okùn, tó wọ oko kábéèjì, tó jẹ ọ̀wọ́ kan tán.

“Mo sọ fún ẹ pé kí o so ó mọ́ igi! Ṣé orí ẹ ni wọ́n fọ́ ni, àbí eékún?”

“Mo so ó! Okùn yín ló ti jẹrà! Láyé ìyá-ìyá yín lẹ ti rà á!”

“Sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa o, ọmọ yìí!”

“Ẹ̀yin náà ẹ ra okùn!”

Mo dúró díẹ̀ sí i, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe jọ ń lé màlúù náà, tí ọ̀kan ń tiro, tí èkejì ń bú u. Mo wá gbé ẹrù mi, mo bá tèmi lọ.